Ọgọ́rùn-ún Ẹ̀dà

Ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Ìbàdàn fèsì lẹ́tà mi:
wọn kì í tẹ̀wé tó bá dín ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà.
Mo ka iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
mo ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin,
mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Owó ìfẹ̀yìntì mi ò tó ra èèpo ẹ̀yìn ìwé wọn.
Ṣùgbọ́n igi kajú méjì wà lẹ́yìnkùlé wa n'Ìjẹrù,
ìyá mi ló gbìn wọ́n, wọ́n sì so lọ́dún yìí
bí ẹni tó gbọ́ pé mo ń wá owó.
Mo ṣa kóró wọn, mo tà á,
mo di owó náà mọ́ etí ìró,
ó di Tàkíé, lọ́dọ̀ Oyèéyẹmí.

Ṣọ́ọ̀bù Oyèéyẹmí ò fẹ̀ ju iyàrá ẹni tó ń dá gbé lọ.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì kún ibẹ̀,
wọ́n ń di iṣẹ́ àṣekágbá wọn ní páálí dúdú.
"Tíṣà, ẹ jókòó. Ẹ̀dà mélòó?"
Mo ní ọgọ́rùn-ún. Kò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ jẹ́ ká lo bébà tó pọ́n díẹ̀, kò wọ́n.
Àwọ̀ kan nínú, méjì lẹ́yìn.
Àtè la ó fi dì í, ẹ má wulẹ̀ bèèrè páálí líle.
Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀yin lẹ ó ra epo jẹnẹrétọ̀."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo lọ kó wọn.
Wọ́n ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ń rùn tàdáwà.
Mo ṣí ọ̀kan, orí mi wú.
Mo tún un wò, orí fọ́ mi.
Kọ̀ǹpútà Oyèéyẹmí ti gbá gbogbo àmì dànù,
tòkè tìsàlẹ̀, bí ẹni ń gbá ewé gbígbẹ.
"Iya mi gbe agbon ru," ni wọ́n tẹ̀.
Agbọ̀n ni mo kọ. Ta ní ń gbé agbọ́n rù?
"Ká tún un tẹ̀, owó tuntun ni," ó wí, ojú tì í.
Igi kajú kì í so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.
Mo ra báírò dúdú méjìlá.

Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó
nídìí tábìlì tí lẹ́tà Ìbàdàn gbé ró,
mò ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, mò ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀,
ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, nígbà ọgọ́rùn-ún.
Ọrùn ọwọ́ mi wú.
Àwọn ọmọ àdúgbò bi mí bóyá ìdánwò ni mo ń máàkì.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi gan-an ló fìdí rẹmi.
Nígbà tó fi máa di ẹ̀dà ogójì,
ohùn ìyá mi ni mò ń gbọ́ lẹ́nu báírò,
ibi tó ti máa ń gbé e sókè,
ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́.

Mo tà wọ́n lẹ́yìn ìsìn. Mo tà wọ́n
lórí ìlà àwa tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì.
Mo fi mẹ́ta san gbèsè. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan.

Lánàá, Bàbá Súbérù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe n'Ísàlẹ̀-Àfọ́n
dá mi dúró, ìwé lọ́wọ́, girísì lára ìwé.
"Ojú ewé kọkànlélógún," ó ní,
"ibi tí wọ́n ti wá túfọ̀ bàbá yín:
'agbọ̀n ìyá mi ń gbọ̀n.'
Ẹ ò sọ pé ó sunkún. Agbọ̀n orí rẹ̀ nìkan lẹ sọ,
mo sì mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Àgbọ̀n ni mo kọ. Àgbọ̀n, ìsàlẹ̀ ẹnu.
Mo gba ìwé náà, mo wò ó:
mo ti fo ojú ewé yẹn, kò ní àmì kankan,
bóyá alẹ́ tí iná lọ ni.
Báírò wà nínú àpò mi.
Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Mo délé, mo ṣí àwọn mọ́kàndínlógún tó kù.
Àmì kékeré náà wà lórí gbogbo wọn,
ó dúró dáadáa, ó péye.
Báírò ò ṣeé parẹ́.